Ohun Tí Mo Wọ̀n Lára Pijó Kí N Tó Fún Ọ Ní Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀

Ilé wa, Mùṣin.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Rùkáyátù, Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tó tún fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́ mi,

Ṣé yàrá tuntun tó o kó sí ní Yábàá yẹn ń gba atẹ́gùn dáadáa? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì àti mínírà lo fi ń gbéra? Ìyá rẹ ló ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ léyìí kí n tó sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, mo sì ti bi ọ́ o, kó má bàa ní n kò jíṣẹ́. Àwa wà dáadáa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Lórí fóònù, "ó dáa, ó dàbọ̀" ni tèmi, mo ti gé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ti fóònù lọ. Mo gbìyànjú láti gbohùn mi sílẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é tí mo sì pa á rẹ́, torí tí mo bá ti dé ibì kan báyìí, ohùn mi á há. Ni mo bá wá bírò lọ. Tó bá ń rẹ̀ ọ́ láti kà á, mu omi, kó o máa kà á lọ.

Lọ́jọ́ Sunday tó o wá kẹ́yìn, o kúnlẹ̀ kí mi, o ṣe bí ẹni pé ọbẹ̀ ìyá rẹ nìkan lo wá jẹ. Èmi mọ̀ ọ́. Tó o bá ti ń pè mí ní "Dádì mi dáadáa," o ti fẹ́ gba nǹkan nìyẹn. "Dádì mi dáadáa, níbi iṣẹ́ tuntun tí mo wà yìí, bí ọkọ̀ ṣe máa fúyẹ́ kó lè sáré là ń wá. Wọ́n ní kí ẹni tó bá rí ọkọ̀ àtijọ́ mú un wá, a máa bó o, a máa fi bá ara wa díje. Ẹ fún mi ní Pijó yín." Kí n tó dáhùn, o ti yọ ìwé jáde nínú báàgì, nǹkan mọ́kànlá tó o fẹ́ yọ kúrò lára rẹ̀, o to gbogbo rẹ̀ ní nọ́ńbà. O ní kí n bá ọ gé èyí tó bá fẹ́ gígé, pé èmi ni panẹ́bítà tó o fọkàn tán jù l'Ékòó. Ọmọ ẹlẹ́nu dídùn!

Nígbà tó o lọ tán, mo wo ìwé náà. Sípéà táyà. Sítì ẹ̀yìn. Kápẹ́ẹ̀tì. Jáàkì. Dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo ní, "Họ́wù! Ọmọ yìí fẹ́ tú Pijó mi sí ìhòòhò." Ìyá rẹ ní kí n yáa fún ọ, pé ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ tapólì ní ṣọ́ọ̀bù, adìyẹ nìkan ló ń yé sábẹ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń lu páànù ọkọ̀. Mo ti gbé ilẹ̀kùn, mo ti ru bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo ti gbé sítì lórí láti ọjà Ládipọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ká ní ẹnì kan bi mí pé kílò mélòó ni ilẹ̀kùn Pijó, n kò mọ̀. Ṣé kò yani lẹ́nu? Ènìyàn á máa gbé nǹkan láti kékeré títí tó fi di àgbà, kò ní bi ara rẹ̀ rí pé báwo ló ṣe wúwo tó.

Lọ́jọ́ Monday, mo yọ sípéà táyà, mo yí i lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra àlòkù irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa. Wọ́n ní ìwọ̀n ńlá kan tí wọ́n gbé sílẹ̀, tí ènìyàn lè dúró lé lórí. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ tà á ni?" Mo ní, "Rárá o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni." Ó wò mí bí ẹni tí ọjọ́ ogbó ti ń dé bá. Nígbà tó fi máa di Tuesday, ó ti mọ̀ mí. Tó bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, á ti gbá orí ìwọ̀n mọ́ sílẹ̀ dè mí.

Gbọ́ ohun tí mo rí. Sípéà táyà pẹ̀lú ríìmù rẹ̀, kílò mẹ́tàdínlógún. Sítì ẹ̀yìn, mọ́kànlélógún. Jáàkì àti àwọn sípánà tó wà nínú búùtù, mẹ́sàn-án. Kápẹ́ẹ̀tì, mẹ́tàlá! Mo ní irọ́ ni. Kápẹ́ẹ̀tì lásánlàsàn? Mo sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, mo gbọ̀n ọ́n, mo tún gbé e padà sórí ìwọ̀n, ó di mẹ́jọ. Kílò márùn-ún, omi òjò àti iyẹ̀pẹ̀ ni! Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí pẹ́ńsù tó o ń lò ní pírámárì, ojú eyín rẹ ṣì wà lára ẹ̀. Mo gbé òun náà sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n kò tilẹ̀ mira.

Mo wọ̀n ara mi náà. Kílò mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Bàbá Rùkà, ṣé ẹ rí i báyìí? Ikùn yín ló yẹ kí ọmọ yẹn fi ṣe nọ́ńbà kìíní."

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kìíní rèé: kó o tó gé, kọ́kọ́ nu. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wúwo lára ọkọ̀ ni ọkọ̀. Ìdọ̀tí wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ẹrù tí ènìyàn gbàgbé síbẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fẹ́ràn ẹ̀rọ tí ń gé irin. Fi ìgbálẹ̀ ṣíwájú.

Èkejì, ìbéèrè ni, kì í ṣe ìmọ̀ràn. Mo ní kí àwọn géńdé méjì ládùúgbò bá mi ti ọkọ̀ náà láti etí kòtò ẹlẹ́gbin dé ìdí igi máńgòrò, mo sì fi fóònù ka àsìkò. Kí n tó yọ nǹkan, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógún. Lẹ́yìn tí mo yọ àwọn nǹkan tí mo kà sókè yìí, mẹ́rìndínlógún. Inú mi dùn bí ọmọdé. Ìgbà tó yá, mo yọ ríìmù irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo yá èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, mo fi í sí i. Ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kò dín ìwúwo ọkọ̀ kù ju kílò mẹ́wàá lọ, sítì ẹ̀yìn nìkan sì ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn géńdé yẹn tún tì í, wọ́n ní ó rọrùn fún àwọn ju bí àwọn ṣe rò lọ. Kí ló fà á? Ṣé torí pé táyà ń yí ni, tí sítì sì jókòó jẹ́ẹ́? Bi àwọn ọ̀gá rẹ kó o wá sọ fún mi. Mo ti ro ó títí, mi ò rí orí ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló gbé bírò lé mi lọ́wọ́.

Mo wọ̀n ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn iwájú apá òsì, apá ti dírẹ́bà, kílò mẹ́rìnlélógún. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo gbé ti ọ̀tún sórí ìwọ̀n. Ọgbọ̀n. Ọkùnrin onírin yẹn ní, "Bàbá, kí ló dé? Ṣebí ìbejì ni wọ́n?" Òótọ́ ló sọ, iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, lọ́jọ́ kan náà bóyá. Kí ni kílò mẹ́fà ń wá lára ọ̀kan tí kò sí lára èkejì? Mo gbé ilẹ̀kùn mi, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Torí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, èmi ni mo kó o síbẹ̀.

Pọ́tì ni. O mọ pọ́tì, ohun tí à ń pò bí ẹ̀kọ, tí à ń fi dí ara ọkọ̀ kí ọ̀dà tó gorí ẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé òòlù ni iṣẹ́ panẹ́bítà, pọ́tì kàn ń bá a pa ojú mọ́ ni. Ibi tó bá wọlé, fi sùúrù lù ú jáde. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, tàbí tó ní nǹkan tó fẹ́ bò, òun ló ń kó pọ́tì bí ẹni ń rẹ́ ilé. Ó ní ojú àpá kì í jọ ojú ara, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gidi kì í fi àpá pamọ́ fún oníọkọ̀. Kílò mẹ́fà pọ́tì lára ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, Rùkáyátù! Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ.

Wàyí o, mú ìwé rẹ, kó o wo nọ́ńbà keje. Ohun tó o kọ nìyí: "Sítì iwájú apá ọ̀tún: yọ ọ́, fi àga rọ́bà sí i fún Dámilọ́lá." Ọmọbìnrin tí ẹ jọ wà níbi iṣẹ́ tó máa bá ọ wo ọ̀nà nìyẹn, o sọ fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ká ìwé náà pọ̀, mo fi í sábẹ́ pílò. Ẹ̀rù ló bà mí, kí n má parọ́ fún ọ. Mo ti yọ sítì yẹn rí.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Àwọn mìíràn, ọ̀gá wọn á fún wọn ní àpótí irinṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba fíríìdọ̀ọ̀mù. Tèmi gbé gáwà Pijó kan, òkú ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́, fún mi, ó ní tí mo bá lè jí i dìde, mo di ọ̀gá. Mo jí i. Èmi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ ni, Mùíbì. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Onísítì tó ń fún ọ ní àjákù fóòmù kó o fi ṣe ọmọláńgidi, òun gan-an. O ò mọ̀ ọ́n rí láìsí ọ̀pá lọ́wọ́. Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń fín ọ̀dà bíi ti Mùíbì ní gbogbo Mùṣin. Ó lè dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán, á máa rìn yí ọkọ̀ ká, á máa fi ẹnu súfèé.

Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìdí-Ọ̀rọ̀ wá pè wá níjà. Láti Jíbówú dé Costain, lówùúrọ̀ Sunday tí títì bá dá, ta ló máa kọ́kọ́ débẹ̀? Ṣé o rí i pé ohun tí ẹ ń ṣe ní Yábàá yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ṣe é. A bó Pijó. A yọ sítì ẹ̀yìn, a yọ bọ́ḿpà, a yọ kápẹ́ẹ̀tì, a yọ dígí ẹ̀gbẹ́. Mo ní Mùíbì ni dígí mi, kó máa wo apá ọ̀tún fún mi, kó máa pariwo tí àyè bá wà fún mi láti yà. Ó wá ku sítì tirẹ̀. Mùíbì ní, "Rásákì, níbo lèmi máa wá jókòó?" Mo ní, "Wá àpótí kan jókòó lé." Ó lọ sílé, ó gbé àpótí tí ìyá rẹ̀ fi ń jókòó dáná. A kò so ó mọ́ nǹkan kan. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wa.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi: ó dùn. Pijó yẹn fò. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ti lọ. A kọjá Ojúẹlẹ́gba, a kọjá Sítádíọ̀mù, a ò rí àwọn ọmọ Ìdí-Ọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa mọ́. Mùíbì ń súfèé. Ìgbà tí a kọjá Bárékè tán, kòtò kan yọ síwájú mi. Mo yà fún un. Ọkọ̀ tó wúwo á bá ọ yà, á sì padà. Èyí tí a ti kó gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, orí ló yà, ìdí kò gbọ́. A fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbá kọnkéré etí títì. Àpótí yọ̀ lábẹ́ Mùíbì, ó fi gbogbo ara kọ lu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sáàárín ilẹ̀kùn àti kọnkéré. Ìró yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn tí mo bá ń lu páànù. Ibi tí ohùn mi ti máa ń há nìyí.

Ohun tó burú jù kò tíì ṣẹlẹ̀. Ìyá Mùíbì sáré dé ọsibítù, gèlè kò sí lórí wọn, wọ́n ní, "Rásákì, kí ló ṣe ọmọ mi?" Mo wo ojú wọn, mo ní tírélà kan ló gba ọ̀nà wa, ó gbá wa, ó sì sá lọ. Mùíbì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ mi. Ó wò mí. Ó wá pa ojú rẹ̀ dé. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi í, tírélà ni. Kò já irọ́ mi rí, ọdún márùndínlógójì.

Ọjọ́ kẹta, mo ti kó pọ́tì kún ilẹ̀kùn yẹn dọ́gba. Mi ò jẹ́ fi òòlù kàn án, torí tí mo bá ń lù ú, àwọn ènìyàn á wá wò, wọ́n á rí i pé kì í ṣe ojú tírélà nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo fín ọ̀dà sí i, kò dán. Ẹni tó mọ̀ ọ́n fín wà ní ọsibítù.

Ẹsẹ̀ Mùíbì kò tọ́ mọ́. Ẹni tí kò lè dúró pẹ́ kò lè fín ọ̀dà. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ sítì rírán, torí ìjókòó ni wọ́n ti ń ṣe é. Sítì tó kọ́kọ́ rán lẹ́yìn tó mọ iṣẹ́ náà, sítì iwájú apá ọ̀tún nínú Pijó mi ni. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn wá ni, ó ní, "Gbé sítì yẹn fún mi." Mi ò bi í pé kí ló dé tó jẹ́ èyí ló mú. Ẹ̀rù èsì rẹ̀ bà mí. Sítì yẹn náà ni nọ́ńbà keje rẹ.

O rí i, mi ò ní kó o má sáré. Bàbá tó sáré nígbà tirẹ̀ kò lè ní kí ọmọ òun máa rá. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Yọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ lè ṣe láìsí. Ohun tó ń di ènìyàn mú, má fọwọ́ kàn án: sítì, nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́lẹ̀, bẹ́líìtì, bíréèkì. Dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó o kọ sí nọ́ńbà kẹsàn-án, mo ti wọ̀n wọ́n, àwọn méjèèjì kò pé kílò kan. Nítorí kílò kan, o fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di dígí? Fi wọ́n sílẹ̀. Tó o bá sì mú ẹ̀yìn ọkọ̀ fúyẹ́ ju iwájú lọ, á ṣe ohun tó ṣe fún mi ní Bárékè, nítorí náà bi àwọn tó mọ̀ ọ́n wọ̀n nípa èyí kó o tó yọ sítì ẹ̀yìn.

Èyí tó tún kù, fún iṣẹ́ tuntun rẹ ni. Lọ́jọ́ kan, nǹkan máa bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Má rò pé bóyá, ó máa bàjẹ́. Sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó o tó jẹun alẹ́. Ojú á tì ọ́, wọ́n á bínú, á sì tán. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ju ogún lọ, ẹrù rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi ní gbogbo ọdún yẹn, mo ń gbé e kiri, mi ò mọ bó ṣe wúwo tó.

Lọ́jọ́ Wednesday, mo mú ẹ̀rọ ìfá, mo fá pọ́tì ara Pijó kúrò látòkè délẹ̀. Mo gbá a jọ sínú àpò ìrẹsì, mo gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Gbogbo rẹ̀, kílò mọ́kànlélógún. Iye kan náà pẹ̀lú sítì ẹ̀yìn! Kò sì sí nínú ìwé rẹ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé wo ohun tí iléeṣẹ́ fi sínú ọkọ̀, ẹ ò wo ohun tí àwa panẹ́bítà Mùṣin fi kún un. Nígbà tí mo fá ti ilẹ̀kùn ọ̀tún tán, ojú ibi tó wọlé yẹn yọ síta, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹ̀. Ìyá rẹ gbé oúnjẹ wá, ó bá mi níbẹ̀, ni mo bá sọ fún òun náà. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Mùíbì. Èmi kọ́ lẹ parọ́ fún."

Thursday ni mo lọ. O mọ̀ wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú wọn ti ṣe bàìbàì, etí wọn ṣì mú. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, mà. Rásákì."

"Rásákì panẹ́bítà? Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

"Mi ò ní dìde, mà, títí màá fi sọ̀rọ̀ tán. Kò sí tírélà kankan lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ṣe é."

Wọn ò dúró, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ. Wọ́n ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, mà?"

"Mùíbì gbé àpótí ìdáná mi jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí i. Nígbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo bi í pé àpótí mi dà, ó kọjú sí ògiri. Ọmọ tí tírélà gbá, kí ni àpótí ìdáná ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀? Mo lọ yọjú sí ọkọ̀ rẹ, mo rí i pé kò sí sítì. Ó yé mi."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan, mà?"

"Ṣé èmi ni mo parọ́ ni? Ìwọ tó o dì í, ìwọ ni mo ń dúró dè kó o wá tú u." Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lẹ́sẹ̀. "Mo bínú sí ọ, Rásákì. Mo bínú gan-an ni. Tó o bá gbé ẹran Iléyá wá, màá gbà á, màá ṣàdúrà fún ọ, màá sì máa bínú lọ. Ó ti wá rẹ̀ mí báyìí. Dìde. Àpótí mi ńkọ́?"

Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ láti ibẹ̀, mo ní kó kan àpótí tó dáa fún mi. Mo wọ̀n òun náà kí n tó gbé e fún wọn láàárọ̀ òní, kílò méjì àbọ̀. Wọ́n jókòó lé e, wọ́n ní ó ga jù, ṣùgbọ́n wọn ò dá a padà.

Lánàá, lẹ́yìn Jímọ̀, Mùíbì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un. Kò kí mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún Pijó lọ tààrà, ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ara ọkọ̀, ó wá na ọwọ́ rẹ̀ sínú ibi tó wọlé yẹn. Láti orí ìka dé ìgúnpá, ọwọ́ rẹ̀ kún un rẹ́gí.

Ó ní, "Ṣé ibẹ̀ nìyí?"

Mo ní, "Ibẹ̀ ni."

Ó ní, "Mo rò pé ó tóbi jù báyìí lọ."

"Mùíbì, jọ̀ọ́, má bínú."

"Ó ti pẹ́ jù, Rásákì. Ọdún wo lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Ó nu ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Fún mi ní tépù. Mo gbọ́ pé Rùkà fẹ́ yọ sítì mi."

Mo fi ìwé rẹ hàn án. Ó bi mí pé kílò mélòó ni sítì náà, mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Fóòmù ìlọ́po mẹ́ta ni mo kó sínú ẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí nígbà yẹn." Ó ní òun máa fi páìpù tín-ínrín ṣe òmíràn, fóòmù pẹlẹbẹ, nọ́ọ̀tì mẹ́rin, bẹ́líìtì tuntun, kò ní ju kílò méje lọ. Nítorí náà nọ́ńbà keje rẹ ti rí ojútùú: wàá rí kílò mẹ́jọ rẹ yọ, Dámilọ́lá á sì jókòó bí ọmọ ènìyàn.

Ilẹ̀kùn ọ̀tún, mi ò ní fi pọ́tì sí i mọ́. Màá fi òòlù lù ú jáde, díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Tí àpá bá kù, kó kù. Mùíbì ní òun máa jókòó sórí àga fín ọ̀dà sí i, pé èyí tí mo fín nígbà yẹn ti ń dójú ti òun láti ọjọ́ yìí wá.

Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Sọ fún Rùkà pé kí wọ́n tó lọ díje, kó wá gbé mi lọ́jọ́ Sunday kan, láàárọ̀. Láti Jíbówú dé Costain. Kó má sáré o. Eré ọjọ́ yẹn, a ò parí ẹ̀."

Mo ní kó bá mi ká lọ sọ́dọ̀ onírin. Ó gun orí ìwọ̀n náà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó dúró ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Ìwé rẹ wà nínú lẹ́tà yìí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, Àṣàkẹ́. Mo ti fagi lé èyí tí mo fagi lé, mo sì ti fi tèmi kún un. Wo ìsàlẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà kejìlá: Mùíbì àti ọ̀pá rẹ̀, kílò méjìdínláàádọ́rin. Má yọ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Rásákì.